Ẹ má tíì wó ilé alámọ̀ tí bàbá fi sílẹ̀

Ọ̀nà tí ilé àtijọ́ ní Kàbà àti ilẹ̀ Òkun fi lè padà di ilé oko tó tura, tí ọgbà rẹ̀ á sì máa bọ́ onílé

Bí oṣù Kejìlá bá ti wọlé, tí ọyẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́, ojú ọ̀nà tó wá láti Lọ́kọ́ja sí Kàbà kì í sinmi mọ́. Àwọn ọmọ ìlú tó ń ṣiṣẹ́ ní Àbújá, Èkó, Ìlọrin àti Kàdúná á máa bọ̀ wálé wá ṣe ọdún. "Òkun o" ni àwọn tó wà nílé á fi máa kí wọn káàbọ̀. Ìkíni yìí náà ló di orúkọ tí a fi ń pe àwọn Yorùbá tó wà ní Ìpínlẹ̀ Kogí: àwọn Owé ní Kàbà, Ìjùmú, Yàgbà, Bùnú àti Ọ̀wọrọ̀.

Nígbà tí wọ́n bá jẹ iyán tán, tí ilẹ̀ sì ti ń ṣú, ọ̀rọ̀ kan wà tí kì í pẹ́ jáde: ọ̀rọ̀ ilé bàbá. Àkọ́bí á ní ojú ń ti òun bí àwọn ọ̀rẹ́ òun bá tẹ̀ lé òun wálé tí wọ́n sì bá ògiri amọ̀ tó ti là àti páànù tó ti dípẹtà. Ó ní kí wọ́n wó o, kí wọ́n fi búlọ́ọ̀kù kọ́ òmíràn. Àbúrò rẹ̀ obìnrin á fa fóònù yọ, á fi àwòrán ilé kan han ẹbí. Ilé oko àwọn òyìnbó ni. Ògiri rẹ̀ kò dán, àwọ̀ ilẹ̀ ló ní. Tábìlì onígi tí wọn kò fi ọ̀dà kùn wà níwájú rẹ̀, ìkòkò amọ̀ tí òdòdó hù nínú rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà, ewébẹ̀ sì yí gbogbo ilé náà ká. Ó ní irú rẹ̀ ló wu òun, òun sì ń wá ẹni tí yóò bá òun kọ́ ọ. Ìyá wọn tó jókòó sórí àpótí á kàn máa wò wọ́n. Ó lè jẹ́ òun nìkan ló rí i pé ilé tí àkọ́bí fẹ́ wó àti ilé tí àbúrò rẹ̀ ń wá kiri, ọ̀kan náà ni.

Ní ìlú ńláńlá lónìí, owó gidi ni àwọn ènìyàn ń ná kí ilé wọn lè jọ ilé abúlé. Ní Kàbà àti àwọn ìletò tó yí i ká, ilé abúlé gidi wà nílẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ń wó lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò yẹ kó wó. Ohun tó sábà máa ń pa ilé alámọ̀ kò ju mẹ́ta lọ: òrùlé tó ń jò, ìdí ògiri tó ń mu omi, àti sìmẹ́ńtì tí a fi rẹ́ ara amọ̀. Bí a bá lè ṣẹ́gun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ilé náà á dúró, ẹwà tí wọ́n ń wá nínú àwòrán á sì tẹ̀ lé e.

ILÉ TÍ A KỌ́ LẸ́YÌN OGUN

Fún ọ̀pọ̀ ọdún kí òyìnbó tó dé, àwọn ọmọ ogun Nupe láti Bídà ń kó àwọn ará ilẹ̀ Òkun lẹ́rú, wọ́n sì ń gba ìṣákọ́lẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Àwọn ìlú kan fi pẹ̀tẹ́lẹ̀ sílẹ̀, wọ́n lọ fara pamọ́ sórí àpáta. Ní oṣù Kìíní ọdún 1897 ni àwọn ọmọ ogun Royal Niger Company gbéra láti Lọ́kọ́ja, wọ́n sì kọ́kọ́ wọ Kàbà. Àwọn ọmọ ogun Nupe ti fi ibùdó wọn sílẹ̀ kí wọ́n tó débẹ̀. Láti Kàbà ni wọ́n ti kọjá lọ bá Bídà jà, tí wọ́n sì ṣẹ́gun rẹ̀.

Nígbà tí ìbẹ̀rù ẹrú ti kásẹ̀ nílẹ̀, àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, wọ́n ń kọ́lé sí pẹ̀tẹ́lẹ̀ àti sí etí ọ̀nà. Nítorí náà, ilé alámọ̀ tí ọmọ ìsinsìnyí ń pè ní ilé òtòṣì lè jẹ́ ilé àkọ́kọ́ tí ìdílé rẹ̀ kọ́ lẹ́yìn tí wọ́n rí àlàáfíà. Ọ̀rọ̀ mìíràn tún wà níbẹ̀ tí àwọn àgbà mọ̀ dáadáa. Láyé àtijọ́, inú ilé ni a ti ń sin àgbà. Bí ilé bá wó tí igbó sì bò ó, ojú oórì ti di igbó nìyẹn.

Ẹni tó bá ti lé ní ọgọ́ta ọdún yóò rántí bí wọ́n ṣe ń mọ ilé. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni. Wọ́n á gbẹ́ ilẹ̀ pupa nítòsí ibi tí ilé yóò wà, wọ́n á da omi sí i, àwọn ọ̀dọ́ á sì máa fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ títí yóò fi kúnná. Ọ̀wẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń bẹ fún un: onílé á pèsè oúnjẹ àti ẹmu, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ á pèsè agbára. Wọ́n á fi amọ̀ náà sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan kó lè rọ̀ dáadáa, kí wọ́n tó máa mú un ní ìṣù ní ìṣù tò ó sórí ara wọn. Bí ipele kan bá ti ga tó nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà kan àbọ̀, wọ́n á dáwọ́ dúró kó lè gbẹ kí wọ́n tó lé òmíràn lé e. Koríko bẹẹrẹ tàbí ewé ni wọ́n fi ń bo òkè rẹ̀, kí páànù tó dé.

Ògiri bẹ́ẹ̀ máa ń nípọn tó ẹsẹ̀ bàtà kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdí nìyí tí inú rẹ̀ fi ń tutù lọ́sàn-án. Oòrùn á máa na ẹ̀yìn ògiri, ṣùgbọ́n kí ooru náà tó la ọ̀pọ̀ amọ̀ yẹn já, ilẹ̀ á ti máa ṣú. Nínú ọyẹ́, ooru tí ògiri gbà lọ́sàn-án ló ń yọ́ wọ inú yàrá lóru. Ògiri búlọ́ọ̀kù tín-ínrín tí páànù wà lórí rẹ̀ láìsí sílìǹ kò lè ṣe èyí. Ẹni tó bá ti sun oorun ọ̀sán nínú ilé méjèèjì nínú oṣù Kẹta kò nílò ẹlẹ́rìí.

SÌMẸ́ŃTÌ KÌ Í ṢE Ọ̀RẸ́ AMỌ̀

Láti nǹkan bí ọdún 2007 ni ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ńtì Dangote ti ń ṣiṣẹ́ ní Ọ̀bàjànà, lójú ọ̀nà Lọ́kọ́ja sí Kàbà gan-an. Ó wà lára àwọn tó tóbi jù lọ ní ilẹ̀ Áfíríkà. Síbẹ̀, pé sìmẹ́ńtì wà nítòsí kò sọ pé owó rẹ̀ wà nítòsí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024, àpò kan kọjá ₦10,000 láwọn ibì kan ní orílẹ̀-èdè yìí. Nígbà náà, ọ̀pọ̀ ìdílé tí kò lè kọ́ ilé búlọ́ọ̀kù yóò ra àpò bíi mélòó kan, wọ́n á fi rẹ́ ilé alámọ̀ kó lè jọ ilé ìgbàlódé. Ibẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Amọ̀ ń mí. Ó ń fa ọ̀rinrin láti inú ilẹ̀ àti láti inú òjò, bí oòrùn bá sì yọ, yóò tú u sílẹ̀ padà. Sìmẹ́ńtì le, ó sì di ojú ihò tí amọ̀ fi ń mí. Yàtọ̀ sí èyí, bí amọ̀ ṣe ń fẹ̀ tó sì ń súnkì kò bá ti sìmẹ́ńtì mu, nítorí náà sìmẹ́ńtì yóò là wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Omi òjò á gba ojú lílà yẹn wọlé, kò ní rí ọ̀nà jáde mọ́. Ní ọdún díẹ̀, amọ̀ tó wà lẹ́yìn á ti rọ̀ bí ẹ̀kọ, sìmẹ́ńtì á sì máa ṣí bọ́ ní pẹlẹbẹ, á máa mú lára ògiri lọ. Onílé á wá ní ilé alámọ̀ kò dára. Ó tún á ra sìmẹ́ńtì mìíràn láti fi dí i.

Kì í ṣe pé sìmẹ́ńtì burú. Ó ní ibi tó yẹ ẹ́. Bí ẹ bá fẹ́ kọ́ yàrá tuntun mọ́ ti àtijọ́, ẹ lè lo bíríkì ilẹ̀ pupa tí wọ́n po sìmẹ́ńtì díẹ̀ mọ́ tí wọ́n sì fi ẹ̀rọ tẹ̀. NBRRI, ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣe ìwádìí nípa ilé kíkọ́ àti ọ̀nà, ti ń polongo irú bíríkì yìí láti ọjọ́ pípẹ́. Àwọ̀ rẹ̀ bá ti ilé àtijọ́ mu, kò sì nílò kí a rẹ́ ẹ.

Ẹ BẸ̀RẸ̀ LÁTI ÒKÈ

Àwọn àgbà ní ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Omi ni ọ̀tá ilé alámọ̀. Kí ẹ tó ra òdòdó tàbí tábìlì, òrùlé ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ẹ dúró sínú ilé lọ́sàn-án gangan kí ẹ gbójú sókè. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti yọ, ibẹ̀ ni omi ń gbà. Ẹ jẹ́ kí káfíńtà yẹ igi òrùlé wò bóyá ikán ti jẹ ẹ́, kó tó kan páànù tuntun mọ́ igi tó ti rà.

Bí ẹ bá fẹ́ pààrọ̀ páànù, ẹ jẹ́ kí etí rẹ̀ yọ jáde tó ẹsẹ̀ bàtà méjì sí mẹ́ta kọjá ògiri. Ìnáwó rẹ̀ kò pọ̀, ṣùgbọ́n òun ló ń gba òjò kúrò lára ògiri, òun náà ló sì ń fún ilé ní ojú ilé oko. Bí àyè bá wà, ẹ fi òpó igi gbé e ró kó di ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni ìyá ti ń ṣa ẹ̀gúsí, ibẹ̀ ni bàbá ti ń gba àlejò, ògiri iwájú ilé kò sì ní rí òjò mọ́. Ní ti koríko, ẹwà rẹ̀ pọ̀ lóòótọ́, àmọ́ iná ìgbẹ́ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn kò mojú ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá fẹ́ koríko, kó fi bo àgọ́ kékeré tó jìnnà sí ilé, kó má fi bo ibi tí ènìyàn ń sùn.

Lẹ́yìn òrùlé, ìdí ògiri ló kàn. Bí òjò bá ti ń ta ilẹ̀ mọ́ ògiri fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìdí rẹ̀ á ti jẹ wọnú. Ẹ gbá ìdọ̀tí àti iyẹ̀pẹ̀ tó ti gbára jọ síbẹ̀ kúrò. Ẹ fi amọ̀ líle àti òkúta dí ibi tó jẹ wọnú. Òkúta kò wọ́n wa ní Kàbà, àpáta ló yí ìlú ká. Ẹ to òkúta yí ìdí ilé ká títí dé orúnkún, kí ẹ sì jẹ́ kí ilẹ̀ àyíká rẹ̀ dagun kúrò lára ilé, kí omi lè ṣàn lọ sínú gọ́tà. Bí ẹ bá fi gọ́tà páànù gba omi etí òrùlé sínú dúrọ́ọ̀mù, ẹ ti rí omi tí ẹ ó fi bomi rin ọgbà.

BÍ A ṢE Ń RẸ́ ÒGIRI PADÀ

Ibi tí sìmẹ́ńtì bá ti ń dún gbọ̀ngbọ̀n bí ẹ bá fi ìka kàn án, ẹ ṣí i kúrò jẹ́jẹ́. Ibi tó bá ṣì lẹ̀ mọ́ ògiri gbágbá, ẹ má fi òòlù jà á, kó má baà fa ògiri ya. Ẹ jẹ́ kí amọ̀ inú gbẹ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí ẹ tó fọwọ́ kàn án.

Ilẹ̀ tí a fi mọ ilé náà ló dára jù láti fi rẹ́ ẹ. Láti mọ bó ṣe rí, ẹ bu díẹ̀ sínú ìgò, ẹ da omi sí i, ẹ gbọ̀n ọ́n dáadáa, kí ẹ sì gbé e kalẹ̀ di ọjọ́ kejì. Yanrìn á wà nísàlẹ̀, amọ̀ kíkúnná á wà lókè. Bí amọ̀ bá pọ̀ jù, ògiri yóò là. Ẹ fi yanrìn kún un. Bí yanrìn bá pọ̀ jù, yóò máa yẹ̀ dànù. Ẹ fi amọ̀ kún un. Ẹ gé koríko gbígbẹ wẹ́wẹ́ sí i kó lè di ara rẹ̀ mú, kí ẹ sì bò ó sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Ẹ kọ́kọ́ fi dánrawò níbi kékeré lẹ́yìn ilé. Bí ọ̀sẹ̀ kan bá kọjá tí kò là tí kò sì yẹ̀, ó ti dára nìyẹn.

Ẹ wọ́n omi sára ògiri kí ẹ tó rẹ́ ẹ. Ẹ rẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀mejì, kí èkíní gbẹ kí ẹ tó fi èkejì lé e. Ìgbà tí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ló dára jù, kí ọyẹ́ tó le, nítorí ohun tó bá yára gbẹ jù yóò là. Ní ilẹ̀ olódàn, àwọn kan máa ń rẹ èèpo èso igi igbá, igi tí a ti ń rí irú, sínú omi títí omi náà á fi pọ́n dúdú, wọ́n á sì fi kun ògiri àti ilẹ̀ ilé. Ó ń mú kí amọ̀ le sí omi díẹ̀, ó sì ń fún un ní àwọ̀ pupa dúdú tó wuyì. Ẹni tó bá fẹ́ funfun lè fi ẹfun kun inú ilé kó lè mọ́lẹ̀. Ọ̀dà olómi rọ́bà tó ń dán, ẹ má fi kàn án, nítorí òun náà ń dí ojú ihò amọ̀ bíi ti sìmẹ́ńtì.

Ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́ ṣókùnkùn nítorí fèrèsé wọn kéré. A lè fẹ̀ wọ́n, ṣùgbọ́n kí bíríkìlà kọ́kọ́ fi igi líle gba orí rẹ̀ ró. Kí ẹ sì na nẹ́ẹ̀tì sí i nítorí ẹ̀fọn.

WỌN KÌ Í RẸ́ ILÉ LẸ́Ẹ̀KAN ṢOṢO

Ohun tí ilé alámọ̀ ń béèrè ni pé kí a máa padà wá sí ìdí rẹ̀. Àwọn baba wa mọ èyí. Ní Ọ̀yọ́ láyé àtijọ́, ọdọọdún ni wọ́n ń ṣe ọdún Bẹẹrẹ, tí àwọn ìlú abẹ́ Aláàfin á ru koríko bẹẹrẹ wá láti fi tún òrùlé ààfin ṣe. Ààfin ọba pàápàá kò ju kí a máa tún un bò lọ. Ní ìlú Djenné ní orílẹ̀-èdè Mali, mọ́sálásí alámọ̀ ńlá kan wà tí wọ́n tún kọ́ ní ọdún 1907. Lọ́dọọdún, tọmọdé tàgbà ló ń jáde láti fi amọ̀ tuntun rẹ́ ẹ, ọjọ́ náà sì ti di ọjọ́ àríyá. Ní ọdún 1988, àjọ UNESCO fi ìlú náà sára àwọn ibi tí gbogbo ayé gbọ́dọ̀ tọ́jú.

Ẹni tó bá ń rò pé amọ̀ kò lè gbé ènìyàn níyì, kó gbọ́ ìtàn Diébédo Francis Kéré. Abúlé Gando ní Burkina Faso ni wọ́n bí i sí. Nígbà tó ń kọ́ ẹ̀kọ́ nípa ilé yíyàwòrán ní Jámánì, ó kó owó jọ láti kọ́ ilé-ẹ̀kọ́ fún àwọn ará abúlé rẹ̀. Nígbà tó ní amọ̀ lòun máa lò, ó ya àwọn ará ilé lẹ́nu, wọ́n rò pé amọ̀ kò lè dúró de òjò. Ó po sìmẹ́ńtì díẹ̀ mọ́ amọ̀, ó tẹ̀ ẹ́ ní bíríkì, ó sì gbé páànù sókè kúrò lórí sílìǹ kí afẹ́fẹ́ lè máa gba àárín wọn kọjá. Ilé-ẹ̀kọ́ náà parí ní ọdún 2001. Ní ọdún 2022, wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Pritzker, tó ga jù lọ láàárín àwọn ayàwòrán ilé lágbàáyé, òun sì ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó gbà á.

Nílé wa níbí náà, Demas Nwoko tí wọ́n bí ní Idumuje-Ugboko ní ọdún 1935 ti ń fi ilẹ̀ pupa tí wọ́n po sìmẹ́ńtì mọ́ kọ́lé láti ọjọ́ pípẹ́. Ilé ìjọsìn àwọn àlùfáà Dominican ní Ìbàdàn wà lára iṣẹ́ rẹ̀. Ní ọdún 2023, wọ́n fi ẹ̀bùn Kìnnìún Oníwúrà dá a lọ́lá ní ìlú Venice ní Ítálì.

INÚ ILÉ: OHUN TÓ TI WÀ NÍLẸ̀

Ẹ má ra ohun tuntun kí ẹ tó wo inú àká ìyá yín. Àmù tí a kò fi pọn omi mọ́, odó tó ti là lẹ́gbẹ̀ẹ́, ọlọ, agbọ̀n, kèrègbè àti àpótí onígi, gbogbo wọn ni àwọn ará ìlú ńlá ń fi owó wá. Ẹ fọ̀ wọ́n, ẹ gbé wọn síbi tó yẹ wọ́n. Àmù dára lórí ọ̀dẹ̀dẹ̀, omi inú rẹ̀ á sì máa tutù láìlo iná mànàmáná. Kẹ́ ẹ ṣáà ti máa dé e, kí ẹ̀fọn má baà yé síbẹ̀.

Àwọn obìnrin Bùnú gbajúmọ̀ fún aṣọ tí wọ́n ń hun nílé lórí òfì olóòró. Elisha Renne, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà, kọ odidi ìwé nípa aṣọ Bùnú, ó sì jáde ní ọdún 1995. Bí ìyá àgbà bá fi irú aṣọ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ nínú àpótí, kò yẹ kí kòkòrò jẹ ẹ́ tán níbẹ̀. Ẹ sá a, kí ẹ nà án sára ògiri pálọ̀, níbi tí oòrùn kò ti ní pa á láwọ̀ dà. Ṣùgbọ́n kí ẹ kọ́kọ́ bi àwọn àgbà ilé léèrè, nítorí àwọn aṣọ kan wà tó jẹ́ ti orò tàbí ti ìsìnkú, wọn kì í fi wọ́n ṣe ọ̀ṣọ́.

Ilé ìdáná tí ẹ fi igi dá iná nínú rẹ̀, ẹ jẹ́ kó dá dúró lẹ́yìn ilé. Èéfín ń ba ojú àti àyà ìyá jẹ́.

ỌGBÀ TÓ Ń BỌ́ ONÍLÉ

Ọgbà ilé oko kì í ṣe koríko tí a ń gé lásán. Ó gbọ́dọ̀ wọ inú ìkòkò ọbẹ̀. Òfin àkọ́kọ́ ni pé kí ohunkóhun tí ẹ ó bomi rin má súnmọ́ ògiri tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta. Ẹ fi òkúta wẹ́wẹ́ kún àárín yẹn. Omi kò ní ta sára ògiri, ejò kò sì ní rí ibi fara pamọ́ sí lẹ́nu ọ̀nà.

Lẹ́yìn òkúta yẹn, ẹ gbin ohun tí ọwọ́ ń tètè já: tẹ̀tẹ̀, ewédú, gbúre, ata, ilá, ẹ̀fínrín. Ewúro kan lẹ́bàá ilé ìdáná tó ẹbí. Ẹ gbin ewé tíì sí ojú ibi tí omi ti ń ṣàn, gbòǹgbò rẹ̀ á di ilẹ̀ mú, òórùn rẹ̀ á sì máa ta sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Fún ọgbà yíyíká, pẹ́rẹ́gún àti làpálàpá dára ju wáyà lọ. Ẹ ṣẹ́ ẹ̀ka wọn rì mọ́lẹ̀ nígbà òjò, wọ́n á hù. Ẹran kì í fẹ́ jẹ làpálàpá, ṣùgbọ́n ẹ kìlọ̀ fún àwọn ọmọdé pé èso rẹ̀ ní májèlé. Ewúrẹ́ ni ọ̀tá ewébẹ̀, ẹni tí kò bá ṣe ọgbà, ewúrẹ́ ló gbìn ín fún.

Igi eléso ni òjìji ilé. Máńgòrò, ọsàn àti kajú ń ṣe dáadáa ní ilẹ̀ Òkun, kọfí náà sì ti pẹ́ ní ìhà Ìyàmoyè ní Ìjùmú. Ẹ gbin máńgòrò sí ìhà ìwọ̀-oòrùn, kó lè gba oòrùn ìrọ̀lẹ́ lórí ilé, ṣùgbọ́n kó jìnnà tó ìgbésẹ̀ mẹ́wàá ó kéré tán, kí gbòǹgbò má gbé ògiri, kí ẹ̀ka má sì wó lu páànù. Wọ́n ti dá ilé-ẹ̀kọ́ gíga iṣẹ́ àgbẹ̀ sílẹ̀ ní Kàbà ní ọdún 1964, nítorí náà kò yẹ kí ẹni tó mọ̀ nípa irúgbìn wọ́n wa ní ìlú náà.

Ní ti ọ̀nà tí ènìyàn ń gbà rìn nínú ọgbà, ọgbọ́n wà nílẹ̀. Ní Ilé-Ifẹ̀ ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún méje sí mẹ́jọ sẹ́yìn, àfọ́kù ìkòkò ni wọ́n ń rì ní òró sínú ilẹ̀ láti fi tẹ́ àgbàlá àti ojú ọ̀nà. Díẹ̀ nínú rẹ̀ ṣì wà títí di òní. Ìkòkò tó bá fọ́ nílé yín, ẹ má kó o dànù. Ẹ rì í bẹ́ẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà títí dé ìdí kànga, ẹrẹ̀ kò ní tẹ̀ lé yín wọlé mọ́.

TA NI YÓÒ SAN OWÓ RẸ̀?

Ohun tó sábà ń wó ilé bàbá ju òjò lọ ni pé gbogbo ẹbí ló ni ín. Ẹni tó wà ní Èkó á ní ẹni tó ń gbé inú rẹ̀ ló yẹ kó tún un ṣe. Ẹni tó ń gbé inú rẹ̀ á ní òun nìkan kọ́ ni bàbá bí. Páànù kan á ṣí lóṣù Kẹrin, kò ní sí ẹni tó kàn án. Nígbà tó bá fi di oṣù Kẹwàá, igun kan ilé ti ṣubú.

Ibi tí ẹbí ti jókòó pọ̀ lọ́dún ni ọ̀rọ̀ yìí ti yẹ kó parí. Kí ẹbí dá owó ilé sílẹ̀ lọ́dọọdún, bó ti wù kó kéré tó. Kí wọ́n yan ẹnì kan nílé tí yóò máa yẹ òrùlé àti ìdí ògiri wò lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀ àti nígbà tó bá dá. Kí wọ́n kọ iye tí wọ́n dá àti ohun tí wọ́n fi ṣe sínú ìwé kan tí gbogbo ẹbí lè rí. Kí wọ́n sì pe àgbà tó mọ amọ̀ pò, kí àwọn ọmọ tó wálé sọ̀ kalẹ̀ sínú amọ̀ náà pẹ̀lú rẹ̀. Àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí ń dínkù, ọ̀pọ̀ wọn kò sì rí ọmọ iṣẹ́ kọ́.

Òótọ́ ibẹ̀ ni pé kì í ṣe gbogbo ilé ló ṣeé gbà là. Ilé tí ògiri rẹ̀ ti fì sí ẹ̀gbẹ́ kan, tí ó là láti òkè dé ìsàlẹ̀ tí ọwọ́ ń wọ ojú rẹ̀, tàbí tí àgbàrá ti gbẹ́ ìpìlẹ̀ rẹ̀, kí wọ́n kó ènìyàn kúrò níbẹ̀ kí wọ́n sì wó o kó tó wó lu ẹnikẹ́ni. Amọ̀ rẹ̀ náà kò ṣòfò, a lè tún un pò fi mọ òmíràn. Bí oórì bá wà níbẹ̀, kí wọ́n ṣe ọgbà sí i, kí wọ́n gbin òdòdó sí i, kó má di igbó.

Ṣùgbọ́n kí àkọ́bí tó pe àwọn tí yóò fi ọkọ́ àti òòlù wó ilé, kó kọ́kọ́ dúró sínú rẹ̀ lọ́sàn-án kan nínú oṣù Kẹta, kó fọwọ́ kan ògiri náà, kó wo òkè, kó sì wo ìdí rẹ̀. Bó bá jẹ́ páànù mẹ́wàá àti ọ̀sẹ̀ méjì iṣẹ́ amọ̀ ló kù díẹ̀ káàtó, á wulẹ̀ ná owó tabua láti sọ ohun tó ní nù. Àbúrò rẹ̀ náà lè pa fóònù rẹ̀ dé. Ìyá wọn ti ń gbé inú àwòrán yẹn láti ọjọ́ tó ti wọlé ọkọ.